Ẹran Inú Àwo Bàbá Rẹ̀

Ìkòkò ògì wà lórí iná nílé wa ní Ẹnúgu lọ́jọ́ tí bọ́ǹbù kọ́kọ́ bọ́ sí àdúgbò wa. Ọkọ mi, Làmídì, tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, ru àpótí wa. Èmi gbé oyún. A fi ògì sílẹ̀ lórí iná, a sá wọ igbó.

Ẹ̀yin tí wọ́n bí lẹ́yìn ogun Biafra máa ń rò pé ìbọn ló pa èèyàn jù. Ebi ni. Inú igbó ni mo bí Ràímì sí. A jẹ alángbá, a jẹ ewé tí a ò mọ orúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Làmídì jáde lọ wá iyọ̀. A gbọ́ ìró ìbọn lápá ibi tó gbà lọ. Kò padà mọ́.

Nígbà tí ogun parí, ẹsẹ̀ ọmọ mi ti wú, irun rẹ̀ ti pọ́n bí irun àgbàdo. Nọ́ọ̀sì kan ní àgọ́ tí wọ́n kó wa sí kìlọ̀ fún mi: "Má fi ògì nìkan bọ́ ọ o. Ẹyin, ẹja, ẹran, ẹ̀wà ni kó o fún un."

Lọ́rí gbé wa dé Èkó. Ní Mushin, ìyá ọkọ mi gba ọmọ lọ́wọ́ mi, ó bú sẹ́kún.

"Ẹ wo bó ṣe sanra!"

"Ìyá, wíwú ló wú."

Kò gbọ́. Ó gbé e lé itan, ó fún un nímú, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rọ ọ́ lágbo, ó tún fi ògì lé e. Mo ní kí a fún un lẹ́yin.

"Ẹyin kẹ̀? Olè ni ẹyin àti ẹran ń sọ ọmọ dà."

"Ẹ jẹ́ kó yè ná, Ìyá, kó tó jalè."

Ó pòṣé. "Bí mo ṣe tọ́ bàbá ẹ̀ nìyẹn."

Tó bá ti se ọbẹ̀, ẹran tó tóbi jù ló máa ń bù sínú àwo Làmídì, á sì dé e dè é. Mo ti sọ fún Ìyá pé a ò tíì rí ọmọ rẹ̀. Mi ò lẹ́nu láti sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ràímì ń lá omi ọbẹ̀. Nínú igbó, mo fi èékánná wa ilẹ̀ wá kòkòrò fún ọmọ yìí. Ní Mushin, ẹran ń bẹ nílé, mi ò gbọdọ̀ fún un. Bíi kí n figbe ta ló ń ṣe mí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ràímì ò lè gbé orí mọ́. Mo ṣí àwo náà, mo rún ẹran ibẹ̀ lẹ́nu, mo ń fi bọ́ ọ. Ìyá wọlé.

"Ìyàwó, ẹran ọkọ ẹ lò ń fún ọmọ?"

"Ìyá, kò ní í wá jẹ ẹ́."

Mi ò sọ ọ́ fún un rí. Ó ti nawọ́ láti gba ẹran náà. Ọwọ́ ọ̀hún dúró bẹ́ẹ̀. Ó rọra jókòó sílẹ̀. Mo rún ẹran tó kù, mo fi bọ́ ọmọ.

Láti ọjọ́ náà, kò bu ẹran pamọ́ mọ́, kò sì fọwọ́ sí ẹyin àti ẹran tí mò ń fún ọmọ. Nígbà tí wíwú yẹn lọ, tí egungun Ràímì hàn, ó ní mo ti fi ẹyin ba ọmọ òun jẹ́. Nígbà tí Ràímì rìn, ó ní àgbo òun ló ṣiṣẹ́. Ohun tó ń sọ fún gbogbo àdúgbò nìyẹn títí ó fi kú. Ó ń bí mi nínú títí dòní. Ṣùgbọ́n mi ò já a nírọ́ rí. Ọmọ yẹn nìkan ló ṣẹ́ kù fún àwa méjèèjì.