Trikania Kò Dáhùn

Mo rántí ìgbà tí mo rò pé kò sí ohun tí ìka mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kò lè pàṣẹ fún. Ilé iṣẹ́ kan tí ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì ní Kaduna ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. A ní kọ̀ǹpútà mẹ́ta tí wọ́n jọ ń ṣọ́ àwọn òpó wa káàkiri ìlú, tí wọ́n á ké sí wa bí òpó kan bá kú. Ọ̀kan wà ní Afaka, ọ̀kan ní Mahuta. Ẹ̀kẹta wà nínú yàrá ẹ̀yìn ilé ìyá mi ní Trikania, nítorí pé orí òrùlé rẹ̀ ni a ri òpó mọ́. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ irinṣẹ́ tí a ó fi máa darí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti ọ́fíìsì. Kò ní àwòrán kankan. Ojú dúdú lásán ni, o tẹ ọ̀rọ̀ kan, wọ́n á dá ọ lóhùn. Ṣé ẹ rí fáàrí tí mo fi í ṣe!

Àwọn àgbà ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Bí ẹ̀rọ kan bá dákẹ́, méjì yòókù lè pín iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n mo ṣe é kí ènìyàn kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Iná tiwa a máa lọ, a tún máa dé. Ta ni yóò máa lé ẹ̀rọ jáde nítorí iná? Irinṣẹ́ mi á béèrè pé, “Trikania kò dáhùn. Ṣé kí n yọ ọ́ kúrò?” Mo fẹ́ràn ìbéèrè yẹn gan-an.

Ìyá mi kò ka ẹ̀rọ náà sí bàbàrà. Ìborùn rẹ̀ ló fi ń bò ó nítorí eruku ọyẹ́, èmi á sì máa bẹ̀ ẹ́ kí ó ṣí i kí ó má baà gbóná. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ báyìí, òun fúnra rẹ̀ ni yóò tan jẹnẹrétọ̀ tí ilé iṣẹ́ gbé fún un.

Lọ́jọ́ kan, ìjà bẹ́ sílẹ̀ níhà gúúsù ìlú, níbi tí Trikania wà. Ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má jáde. Èmi àti ọ̀gá wa há sí ọ́fíìsì ní òdìkejì odò tó la ìlú já. Fóònù ìyá mi kò lọ. Mo tẹ àṣẹ, Trikania dáhùn pé òun wà. Mo dúpẹ́, nítorí kò síná ládùúgbò rẹ̀ láti àárọ̀. A jẹ́ pé ẹni tó tan jẹnẹrétọ̀ wà láàyè. Mo tún tẹ̀ ẹ́, mo tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ tí mo lè pa, tí mo lè jí, mi ò lè bi í bóyá ìyá mi ti jẹun.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ó dákẹ́. Ìbéèrè mi yọ sójú dúdú náà: ṣé kí n yọ ọ́ kúrò?

Òpó ilé ìwòsàn kan wà lára àwọn tí ẹ̀rọ yẹn ń ṣọ́, a kò lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá wa, tí í ṣe Hausa, ní, “Haba Malam, cire shi mana,” pé kí n yọ ọ́.

Mo ní, “Alhaji, gidan mamata ne.”

Ó ti gbàgbé pé ilé ìyá mi ni. Ó rọra ti àga mi sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. “Sannu,” ló wí, bí ẹni ń kí ọlọ́fọ̀. Afaka àti Mahuta pín iṣẹ́ náà lójú ẹsẹ̀. Irinṣẹ́ mi ṣiṣẹ́ dáadáa. Mo sunkún.

Ọjọ́ kejì ni fóònù tó lọ. “Kí ló dé tí ohùn rẹ rí báyìí?” ni ìyá mi bi mí. “Èmi ni mo pa jẹnẹrétọ̀ yín, jàre. Ariwo rẹ̀ ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé ènìyàn wà nílé. Mo jókòó sínú òkùnkùn, mo ń fa tẹ̀sùbáà mi.” Ọ̀rọ̀ tó bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín là á fi í rín. Mo rẹ́rìn-ín.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti tú ẹ̀rọ náà lọ. Èmi náà ti kúrò ní Kaduna. Ìyá mi ní tòun kò kúrò ní Trikania, ó ní ibẹ̀ ni Ọlọ́run yóò ti pe òun. Mo ti kọ irinṣẹ́ tó gbọ́n ju ìyẹn lọ. Síbẹ̀, bí mo bá pe ìyá mi tí kò gbé e, iwájú kọ̀ǹpútà ni mo máa ń lọ jókòó sí. Mo mọ̀ pé kò sí ohun tí mo lè tẹ̀ níbẹ̀. Mo kàn máa ń gbé ọwọ́ lé e ni, títí yóò fi pè mí padà.