Ìbejì Inú Ìwé Ìròyìn

Ẹnu mi ló kó bá mi. Ní Ìgbó-Ọrà, níbi tí èèyàn kì í la àdúgbò kọjá kó má pàdé ìbejì, wọn kì í sọ pé ìbejì kú. Wọ́n á ní ó wá igi lọ. Èmi yìí, ọmọ ìlú, mo jókòó ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀, mo là á mọ́lẹ̀ pé, "Ọ̀kan nínú wọn máa kú."

Ìbejì inú ìwé ìròyìn ni mò ń wí o. Ìtàn kan ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nígbà náà: ọba kan rán ìbejì kan lọ sínú igbó tí oòrùn kì í dé, gbogbo ẹni tó bá wọn rìn ni igbó ń gbé mì. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni yóò parí. Télọ̀ ní ọba tó rán wọn níṣẹ́ gan-an ni iwin inú igbó. Tíṣà kan tó wá gba ṣòkòtò ní àlá ni gbogbo rẹ̀, wọ́n á jí. Mo fi àwọn méjèèjì ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní ẹni tó ń kọ ìtàn náà, tó ti ń pa èèyàn bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò ní ṣàánú ní ìparí.

Mo gbójú sókè, àbúrò mi obìnrin ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó pọn ọ̀kan nínú ìbejì tirẹ̀, ó gbé èkejì. Ara èyí tó pọ̀n ń gbóná, kò gba ọmú mọ́. Ọsibítù ló ń lọ. Ó ti gbọ́ mi; ó wò mí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ni ẹ̀rù bá wọ̀ mí. Mo ní bí ti inú ìwé bá yè, tiwa náà á yè. Ta ló sọ fún mi? Kò sẹ́nìkan. Ọlọ́gbọ́n ìwé mẹ́fà.

Lọ́jọ́ tí ìwé ìròyìn ń dé, n kò lè dúró dè é. Mo wọkọ̀ lọ pàdé rẹ̀ ní gáréèjì Èrúwà, mo tú u lórí ìdúró, mo ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀. Kò sí ìtàn. Ìpolówó ọṣẹ ni wọ́n fi dí àyè rẹ̀. Àgbà ọkùnrin, mo ń bú ọṣẹ ní gbangba gáréèjì.

Nínú ọkọ̀ tí mo fi padà, mo ń bẹ ẹni tó ń kọ ọ́, tí n kò mọ̀ rí, pé kó jọ̀ọ́, kó kúkú jẹ́ àlá.

Mo dé ọsibítù, mo purọ́. Mo ní, "Ìyá Ìbejì, ìtàn yẹn ti parí. Àwọn méjèèjì jáde, wọ́n ń jẹ ẹ̀wà."

Kò tilẹ̀ wojú mi. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹni tó ń kọ ọ́ kọ́ ló bí tèmi. Ẹ bá mi gbé èyí tí ara rẹ̀ le yìí, èkejì rẹ̀ ti tún ń wá ọmú."