Ọkọ Dóyin Nínú Eré

Bí ẹ bá fẹ́ bá Dóyin jà, ẹ sọ̀rọ̀ Malar láìdáa. Òṣèré fíìmù Tamil kan ni Malar, tó jẹ́ pé ọkùnrin kan náà ni olólùfẹ́ rẹ̀ nínú fíìmù dé fíìmù. Aunty Selvi, tóun náà jẹ́ Tamil, onílé tó ni basement tí Dóyin ń gbé ní Falconridge nílùú òyìnbó níbí, ló kọ́ ọ ní wíwò àwọn fíìmù rẹ̀. Àwọn méjèèjì á jókòó ti ara wọn, wọ́n á máa sunkún bí ẹni tí wọ́n lù.

Dóyin náà ń ṣeré ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Gbogbo eré tí a bá ṣe, Kànmí ni ọkọ rẹ̀. Kànmí lẹ́wà, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Àwa aláròyé bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n ní tọkọtaya, kò sẹ́ni tó bi Dóyin léèrè. Ọ̀dọ̀ Gbóyèga, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó máa ń jókòó sẹ́yìn pátá, ni ọkàn rẹ̀ wà. Wọ́n ti jọ sọ ọ́, wọn ò kàn tíì jẹ́ ká gbọ́ ni.

Nígbà tí ìyá Dóyin wá kí i láti Òṣogbo, eré mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ la fẹ́ ṣe lọ́jọ́ Sunday yẹn. Snow kò jẹ́ kí ẹni tó yẹ kó ṣe ìyá ìyàwó ráàyè wá, la bá fa ìyá gidi jáde. Kànmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Màmá gbọ́wọ́ lé e lórí, wọ́n ṣàdúrà títí omi fi bọ́ lójú wọn, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì sì ṣe àmín.

Jìnnìjìnnì bo Dóyin. Ta ló fẹ́ sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó kó àdúrà rẹ̀ jẹ? Ó gbà pé Gbóyèga ti bọ́ lọ́wọ́ òun nìyẹn, oúnjẹ kò sì lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́.

Àfìgbà tí Aunty Selvi sọ̀ kalẹ̀ wá pẹ̀lú ìròyìn pé Malar ti ṣègbéyàwó. Kì í ṣe ọkùnrin inú fíìmù ló fẹ́ o, oníṣègùn eyín kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Dóyin ro ìtàn náà fún ìyá rẹ̀ látòkèdélẹ̀.

Màmá ní ṣé inú eré ni wọ́n ti ń fẹ́ ọkọ tẹ́lẹ̀ ni.

Dóyin bú sẹ́kún. “Mọ́mì, but ẹ ti ṣàdúrà fún Kànmí.”

“Ṣé àdúrà burú fún ọmọ ọlọ́mọ ni? Èyí tó gbé mi ní airport, Gbóyèga yẹn, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó da àpótí mi lé ara ẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ó ń gbọ̀n. Ẹni tí ò bá fẹ́ ọmọ mi, kí ló ń bẹ̀rù mi fún?”

Ara tu Dóyin pẹ̀sẹ̀. Ó jẹ ìrẹsì abọ́ méjì lórí ìdúró.

Gbóyèga wá ní Saturday, ó tún ń gbọ̀n. Kí àyà rẹ̀ tó kanlẹ̀ ni Màmá ti ní, “Ọkọ ọmọ mi, dìde.”