Ọṣẹ tí mo fi ń dáàbò bo ọmọ mi

Òórùn ọṣẹ ìfọṣọ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Accra, ní ọdún tí mo bí ọmọ mi kejì. Ó máa ń ta sánsán dé ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò, débi pé wọ́n ń bi mí bóyá mo ti kó ìsọ̀ mi wálé láti ọjà Okaishie. Lóòótọ́, ọṣẹ ni mò ń tà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìsọ̀ ló fà á. Ẹ̀rù ló fà á. Ọmọ mi àkọ́kọ́ kò ju oṣù márùn-ún lọ nígbà tí ara rẹ̀ gbóná, tí nǹkan pupa sú sí i lára, tó sì kú mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti bímọ mọ̀ pé kò sí ohun tí ọkàn ìyá kì í rò lẹ́yìn irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Èmi rò pé ìdọ̀tí kan tí n kò rí ló pa á.

Nígbà tí èkejì dé, ọkọ mi, tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Abossey Okai, ra ẹ̀rọ ìfọṣọ kan fún mi, irú èyí tí a máa ń ti òkè kó aṣọ sí. Kò sí ẹni tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lò ó. Mo máa ń ki aṣọ ọmọ mọ́ ọn títí yóò fi kún dé ẹnu, n óò wá da ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú lé e lórí, ife mẹ́ta, nígbà mìíràn mẹ́rin, n óò sì dé e. Bí aṣọ náà bá gbẹ lórí okùn, á le gbagidi bíi páálí, funfun rẹ̀ á sì dà bí eérú. Mo rò pé ọṣẹ ni kò tó. N óò tún fi ife kan kún un.

Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ rí i. Ó ń wẹ ọmọ náà ní ẹ̀yìnkùlé láàárọ̀ ọjọ́ kan, èmi ń sá aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni n kò gbọ́ ìró omi mọ́ lójijì. Mo bojú wẹ̀yìn. Ó ti da ọmọ náà dojú bolẹ̀ lórí itan rẹ̀, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúró sójú kan.

"Ìyàwó mi," ó rọra sọ, "wá wò ó."

Nǹkan pupa ló sú láti ìpàkọ́ ọmọ náà dé ìbàdí. Àwa méjèèjì kò dárúkọ èyí tó kú, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé òun là ń rí.

N kò rántí bí mo ṣe wọ tákísì. Ohun tí mo rántí ni pé mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti iwájú orí ọmọ náà ní gbogbo ọ̀nà, mò ń wò ó bóyá ó ti ń gbóná, n kò sì lè sọ bóyá ara rẹ̀ ni tàbí ara tèmi. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, mo sọ fún nọ́ọ̀sì ní Twi pé èéyi ni, kó má fi pamọ́ fún mi. Obìnrin àgbà ni. Ó yẹ ọmọ náà wò, ó wọn bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó, lẹ́yìn náà ó fọwọ́ pa ẹ̀wù ọmọ náà, ó sì gbé e sí imú. Ó ní kí n bọ́ ọ. Ó rì í sínú abọ́ omi tó mọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì ra á, omi náà sì hó, ó funfun bíi wàrà.

"Ṣé aṣọ tí o ti fọ̀ nìyí?"

"Mo fọ̀ ọ́ dáadáa, mà."

"Ara rẹ̀ kò gbóná. Kì í ṣe èéyi. Ọṣẹ inú aṣọ yìí ló ń jó o lára."

Ó jókòó tì mí, ó sì kọ́ mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ rẹ̀. Kí n dín ọṣẹ kù sí ìdajì ife. Kí n fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pò ó títí yóò fi yọ́, kí n sì dà á sínú ẹ̀rọ kí aṣọ tó wọlé. Kí n má ki aṣọ mọ́ ọn mọ́, torí aṣọ tí kò rí àyè yí nínú omi, ìdọ̀tí rẹ̀ kò ní jáde, ọṣẹ rẹ̀ náà kò sì ní jáde. Kí n ṣan án lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá ní bí ara ọmọ náà bá gbóná pẹ́nrẹ́n, kí n gbé e padà wá kíákíá.

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni mo gbé lọ sílé. Mo kó gbogbo aṣọ rẹ̀ padà sínú ẹ̀rọ díẹ̀díẹ̀, n kò fi ọṣẹ kankan sí i, síbẹ̀ ìfófó ń ru sókè. Mo dúró tì í, mò ń wo ohun tó ń jáde látinú aṣọ tí mo pè ní mímọ́, ẹ̀rù ọwọ́ ara mi sì bà mí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo ṣan wọ́n kí omi tó mọ́. Ìyá ọkọ mi mú ọṣẹ dúdú wá, èyí tí àwọn ará Gana ń fi Alata pè, orúkọ tí wọ́n fún àwa Yorùbá, ṣùgbọ́n n kò gbà kó kan ọmọ náà. Omi lásán ni mo fi wẹ̀ ẹ́. Bí ọkọ mi bá ti ọjà dé, yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà títí n óò fi mi orí pé ara ọmọ kò gbóná. Ní ọjọ́ karùn-ún, ẹ̀yìn ọmọ náà ti ń dán padà.

Ó ti ń lọ sílé ẹ̀kọ́ báyìí, aṣọ rẹ̀ funfun, ó sì rọ̀. N kò tíì mọ ohun tó pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bóyá n kò sì ní mọ̀ láé. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìbẹ̀rù ni mò ń bù lójoojúmọ́ ní gbogbo ìgbà yẹn, mò ń dà á sí ara èyí tó ṣẹ́kù fún mi, mo sì ń pè é ní ìtọ́jú.