Orin Tí Ọkọ Mi Gbé Wá láti Àbíjàn

Òórùn káfúrà ló kún yàrá wa ní Èjìgbò lọ́jọ́ tí ọkọ mi ṣí àpótí rẹ̀. Náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́pò pọ́n-ùn nígbà náà, Àbíjàn ló sì ti dé. Ó yọ giramafóònù kékeré kan tó ń lo bátìrì, pẹ̀lú rẹ́kọ́ọ̀dù ńlá kan ṣoṣo. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan ló jọ kọrin inú rẹ̀ lédè Faransé. Ohùn ọkùnrin náà há, ó wúwo, bí ìgbà tí èèyàn ń wọ́ odó nílẹ̀. Ti obìnrin náà tín-ín-rín, àfi bíi pé ó fẹ́ já. Àwọn ará ilé tó wá bá wa yọ̀ retí ijó títí, wọ́n bá túká. Ìyá ọkọ mi ní, “Orin ọ̀fọ̀ wo lo rù wálé yìí?”

Èmi fẹ́ràn rẹ̀ ní tèmi. Bí mo bá ti oko wa lọ́nà Ìsùndunrìn dé nírọ̀lẹ́, mà á fara ti ògiri, n kò ní lókun àtifọ ẹsẹ̀ pàápàá. Ọkọ mi á wà lórí ẹní, á gbé abẹ́rẹ́ lé rẹ́kọ́ọ̀dù. A kì í sọ̀rọ̀. Ó ti pẹ́ jù tó ti lọ. A ò mọ ibi tí à bá ti bẹ̀rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo bi í pé, “Kí ni obìnrin yẹn ń wí?”

Ó ní, “Ó ń bi ọkùnrin náà bóyá yóò tún padà lọ.”

“Kí lọkùnrin náà wá sọ?”

“Ó ní bí òun bá jókòó, kí ni wọn óò jẹ?”

Títí dòní, n kò mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n ń kọ nìyẹn. Mo ṣáà ní, “Ẹ bá mi sọ fún un pé ó ti rẹ obìnrin náà.”

Ó nawọ́, ó gbé abẹ́rẹ́ kúrò. “Ó ti rẹ ọkùnrin náà.”

Ìgbà yẹn ló tó sọ fún mi nípa èbúté, àti àpò kòkó tó ń rù, àti ẹ̀yìn ríro tí kì í jẹ́ kó sùn, àti bó ṣe yá aṣọ tó wọ̀ wálé. Èmi náà sọ ti oyún tó bàjẹ́ lára mi lẹ́yìn tó lọ, tí ìyá rẹ̀ ní kí n má ránṣẹ́ sí i. Ọbẹ̀ jóná lórí iná, a ò dìde.

Ó padà lọ. Kí ni ì bá ṣe? Ṣùgbọ́n ó mú mi dání, bí inú ìyá rẹ̀ ò tilẹ̀ dùn. Ọ̀rẹ́ mi, àárẹ̀ ò tán l'Ábíjàn, ṣe ló ń pọ̀ sí i. Àmọ́ bó bá ti èbúté dé, tí mo bá bi í pé báwo lara, kì í sọ pé dáadáa ni mọ́. Òótọ́ ló ń sọ. Wọ́n ti fà mí lé e lọ́wọ́ tipẹ́, lóòótọ́. Lójú tèmi, ìrọ̀lẹ́ tí ọbẹ̀ jóná yẹn ni mo di aya rẹ̀.