Iná Pupa Inú Ọkọ̀ Ràsáàkì

Ràsáàkì awakọ̀ kú ní Ṣakí ní ọdún tí àwọn ṣọ́jà fẹ́ gbé ìjọba fún alágbádá. Kò kọ́ ilé, kò lọ sí Mẹ́kà. Ọkọ̀ àlòkù kan ló fi sílẹ̀, àti Mọ́nsúrù ọmọ rẹ̀, tó ka ìwé mẹ́ta péré kó tó wá máa bá a wakọ̀.

Bí Ràsáàkì bá kírun Àsùbáà tán, kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí á fi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Á fa géèjì yọ, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ọ́ìlì ṣe kù sí. Á nù ún, á tún kì í bọ̀ ọ́, á gbé e sókè wò. Á wo omi. Á bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀.

"Àlòkù, àgbàlagbà ni," ló máa ń wí. "Kí i kó o tó gbé ẹrù lé e."

Nígbà tó kú, Ládòkun àbúrò rẹ̀ jókòó sórí àga olóògbé, ó pàṣẹ. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí ẹrù òkú títí ogójì ọjọ́ á fi pé. Àpótí, rárá. Bọ́nẹ́ẹ̀tì pàápàá, rárá. Ṣùgbọ́n kí Mọ́nsúrù fi ọkọ̀ náà gbé òun lọ síbi ìkómọ ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ìyẹn ò sí nínú àṣẹ. Ẹrù òkú ò ṣeé ṣí, ṣùgbọ́n ó ṣeé gùn!

Ní ọjọ́ kejìlá, iná pupa kan tàn níwájú Mọ́nsúrù níbi kọ́nà kan lẹ́yìn Àgọ́-Àrẹ. Ó kú. Wọ́n dé òkè, ó tún tàn. Ọ̀nà tẹ́jú, ó tún kú.

"Bàbá, iná ọ́ìlì nìyẹn. Ẹ jẹ́ n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì."

"Ogójì ti pé?"

"Ẹ́ńjìnnì ò mọ ogójì."

"Ẹ wo ẹni tó fẹ́ kọ́ mi lẹ́sìn! Iná ọ̀hún ti kú àbí kò kú? Ẹ̀gbọ́n mi ló ń ṣẹ́jú sí wa pé ká ṣàdúà fóun. Dúró níbí."

Wọ́n ṣàdúà lójú ọ̀nà tó tẹ́jú bí ẹní. Iná ò tàn mọ́ títí wọ́n fi délé. Ládòkun ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ọkọ̀ ṣe.

Láràárọ̀ ni ọ́ìlì ń kán sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Láràárọ̀ ni Àdìjátù ìyàwó Ládòkun ń da eérú bò ó, kí àwọn tó ń wá kí wọn má bàa rí ìdọ̀tí. Wọ́n bo ẹ̀rí mọ́lẹ̀, wọ́n ń wá ẹlẹ́rìí lọ́run. Mọ́nsúrù ń wò wọ́n. Bí ọ́ìlì bá gbẹ, irin á máa jẹ irin. Bí ẹ́ńjìnnì bá lọ, oúnjẹ òun lọ, gbogbo ohun tí bàbá òun fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú lọ.

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún, Ládòkun ní kó gbé òun lọ sí Ìsẹ́yìn lọ ra aṣọ tí òun máa wọ̀ ní ogójì. Wọ́n ń gun òkè kan lẹ́bàá Okaka, iná tàn, kò kú mọ́. Ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í kan: kọ́, kọ́, kọ́. Mọ́nsúrù yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó yọ kọ́kọ́rọ́.

"Ta ló ní kó o dúró?"

"Bàbá mi."

Àwáwù tó ń ta òrí, èrò tó gbé igbá òrí rẹ̀ jókòó sẹ́yìn, bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ ṣàdúà kó gòkè ná! Àbí ẹsẹ̀ la máa fi gbé òrí dé Ìsẹ́yìn?"



Mọ́nsúrù ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Àkísà bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, ní kíká sí mẹ́rin bí bàbá ṣe fi í sílẹ̀. Ó dì í mú fún ìgbà díẹ̀. Kò sunkún. Ó fi nu géèjì, ó kì í bọ̀ ọ́, ó fà á yọ: gbígbẹ ni. Ìwọ̀nba ọ́ìlì tó ṣẹ́ kù ń sá sẹ́yìn bí wọ́n bá ń gòkè tàbí tí wọ́n bá ń yà, á sì padà bí ọ̀nà bá tẹ́jú. Ó rá wọ abẹ́ ọkọ̀. Nọ́ọ̀tù ìsàlẹ̀ tó dí ihò ọ́ìlì ti tú débi pé ọwọ́ lásán ń yí i. Ọjọ́ Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan ni Ràsáàkì máa ń fún un le.

Ó ṣí búùtù ẹ̀yìn ọkọ̀, ẹrù òkú lòun náà. Sípánà wà níbẹ̀, ọ́ìlì agolo méjì wà níbẹ̀. Ó fún nọ́ọ̀tù le, ó da ọ́ìlì sí i, ó tanná sí ọkọ̀. Iná pupa tàn, ó kú. Kíkan náà dáwọ́ dúró. Wọ́n gun òkè.

"Ẹ rí i?" Ládòkun wí. "Àdúà ọjọ́ yẹn ló gbà."

Lọ́jọ́ kejì, bí wọ́n ti kírun Àsùbáà tán, Mọ́nsúrù ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lójú gbogbo ilé. Ládòkun wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ogójì ò tíì pé o."

"Ẹ máa bá mi ka ogójì yẹn, bàbá," ni Mọ́nsúrù wí, ó sì nu géèjì.