Ìràwọ̀ Tí Bàrúwà Nù Kúrò

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọkọ mi fún yín, kí ẹ bá mi dá a lẹ́bi. Bàrúwà onífótò, ará Ayétòrò, kò lè rí nǹkan kó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń ya fótò, kò sì sí ojú tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde tó ní irorẹ́. Láyé fíìmù, pẹ́ńsù ṣóńṣó ló fi ń pa irorẹ́ rẹ́ lójú fíìmù. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, ó gbá máòsì mú. Bíbá fótò bọ́jú ló ń pè é.

"Ìyá Toheebat," á ní, "ṣé irorẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ni kó wá gbé orí ògiri fún ogún ọdún?"

Èmi Àṣìkẹ́ ìyàwó rẹ̀ nìkan ló fi ìwọ̀sí lọ̀. Fótò tó yà mí kó tó fẹ́ mi wà ní pálọ̀ wa títí dòní. Ó nu gbogbo irorẹ́ ojú mi, ó wá fi àmì dúdú kan sílẹ̀ gbagada lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu mi. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo ti ń bá a jà lórí àmì yẹn. Ẹ̀rín ló máa ń fi dá mi lóhùn.

Àṣíáwù aláṣọ ló kọ́ ọ lọ́gbọ́n kan nídìí iṣẹ́ yìí. Obìnrin náà gbé fótò rẹ̀ padà wá lọ́jọ́ kan, ó pariwo títí dé garáàjì pé èyí kì í ṣe ojú òun, pé fótò ẹlòmíràn ni wọ́n gbé fún òun. Láti ọjọ́ náà, méjì ni Bàrúwà ń tẹ̀. Èyí tó ti bọ́jú á wà níwájú nínú fíríìmù, á wá tẹ́ èyí tí kò fọwọ́ kàn sẹ́yìn rẹ̀. Bí oníjà bá dé, a ó tú ẹ̀yìn fíríìmù fún un, a ó ní kó mú èyí tó bá wù ú.

Ọmọ wa Toheebat wá ń kọ́ físíìsì ní yunifásítì, ó kù díẹ̀ kó parí. Lọ́dún tó kọjá, àwọn onímọ̀ ojú ọ̀run kan ní àwọn máa mú akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo lọ sí Gúúsù Áfíríkà, kó lọ fi oṣù mẹ́ta kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo awò ńláńlá tí wọ́n fi ń wo ojú ọ̀run. Wọ́n ní kí kálukú tẹ àwòrán ìkùukùu ojú ọ̀run kan gbàǹgbà, kó gbé e wá síwájú àwọn adájọ́ ní gbọ̀ngàn kan ní Ìlaró, kó sì sọ ohun tó rí níbẹ̀. Mẹ́sàn-án ni àwọn tó ń du ààyè kan ṣoṣo náà. Ọmọ yìí kò jẹun dáadáa mọ́. Bó bá pè mí lórí fóònù, ọ̀rọ̀ Gúúsù Áfíríkà náà ni.

Ìkùukùu tí mò ń wí yìí kì í ṣe ti òjò o. Eruku àti gáàsì ni. Ó jìnnà débi pé ìmọ́lẹ̀ tó kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó bí baba ńlá wa ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wa. Toheebat ní inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń bí ìràwọ̀.

Ó fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, pé kó bá òun tẹ̀ ẹ́, kó fi fíríìmù sí i, òun á bá wa ní Ìlaró lọ́jọ́bọ̀. Inú Bàrúwà dùn débi pé ó ń kọrin. Láti ìgbà tí fóònù ti sọ gbogbo ayé di onífótò, iṣẹ́ gidi kò wọlé mọ́. Odindi ọjọ́ méjì ló fi jókòó ti kọ̀ǹpútà. Mo gbé ẹ̀kọ àti àkàrà lọ fún un, kò tilẹ̀ wò ó. Èmi rò pé iṣẹ́ Ọlọ́run ló ń wò.

Ọjọ́bọ̀ pé. A gba ọ̀nà Ibese, à ń tẹ̀ lé tírélà sìmẹ́ǹtì nínú eruku títí a fi dé Ìlaró. Toheebat sáré pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ó tú aṣọ tí a fi wé fíríìmù náà, ó sì dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀.

"Bàbá, àwọn ìràwọ̀ mi dà?"

"Ìràwọ̀ wo?"

"Àwọn tó kéré bí orí abẹ́rẹ́, tó pupa, nínú ibi tó dúdú! Mọ́kànlélógójì ni wọ́n! Orí wọn ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dá lé!"

Ojú ọkọ mi yí padà. "Ìdọ̀tí ni mo pè wọ́n," ló wí. "Mo bá ọ bọ́jú fún un ni."

"Yéè! Bàrúwà, o ti pa mí!" Mo ti fi igbe ta. "O rí ọ̀run tí Ọlọ́run dá, o ní kò mọ́ tó?"

Omi ti ń bọ́ lójú ọmọ. Àfi bí wọ́n ṣe pe orúkọ rẹ̀ pé òun ló kàn. Inú ń bí mi, àánú ọkọ mi sì tún ń ṣe mí. Bàrúwà dojú fíríìmù dé, ó fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù yọ ìṣó ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì fa ìwé kejì jáde. Àwòrán náà nìyẹn bó ṣe wá, gbogbo ìràwọ̀ pé síbẹ̀. Mo ti gbàgbé ọ̀rọ̀ Àṣíáwù pátápátá!

Mo rò pé Toheebat á fi èyí tó mọ́ sílẹ̀. Ó nu ojú, ó gbé méjèèjì lọ síwájú.

"Ẹ̀yin àgbà," ó ní, "bàbá mi onífótò ló tẹ àwòrán yìí. Ó rò pé ìdọ̀tí ni àwọn ìràwọ̀, ó bá nù wọ́n kúrò." Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n bí ojú lásán bá wo ìkùukùu yìí, irú èyí tó mọ́ yìí ló máa rí, torí eruku ti bo àwọn ìràwọ̀ náà, bó ṣe ń bo tírélà lójú ọ̀nà Ibese. Ooru wọn ló ń gba inú eruku kọjá. Awò tó ya èyí kejì, ooru ló fi ń ríran."

Olórí àwọn adájọ́, obìnrin kan tó ń jẹ́ Dókítà Akínladé, dìde wá wò ó. "Ó ku ẹyọ kan nínú èyí tó mọ́," ló wí. "Kí ló dé tí ẹ kò nu eléyìí?"

Toheebat wo bàbá rẹ̀. Bàrúwà dìde láti ẹ̀yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìyẹn kì í ṣe ìdọ̀tí. Ó ní okùn tín-ín-rín kan lápá òsì, ó ní òmíràn lápá ọ̀tún, wọ́n sì gùn dọ́gba. Eruku tó bà lé fótò kì í rí bẹ́ẹ̀. Mi ò lè fọwọ́ kàn án."

Dókítà náà ti imú bọ inú àwòrán. "Háà! Ìràwọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bí ni, ó ń tu gáàsì jáde lápá méjèèjì! Toheebat, ṣé o rí i tẹ́lẹ̀?"

Bó bá ní òun rí i, ta ló máa mọ̀?

"Rárá mà," ọmọ mi wí. "Mo kàn kà á mọ́ àwọn yòókù ni. Bàbá mi ló rí i."

Kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì, wọ́n ti ka èsì. Toheebat ló ń lọ! Mo jó títí gèlè mi fi bọ́. Bàrúwà kò lè jó, ẹkún ló ń sun, ó sì ń rẹ́rìn-ín pọ̀ mọ́ ọn.

Nígbà tí a délé, mo gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ojú mi sì lọ sórí fótò mi lára ògiri. Mo ní, "Bàbá Toheebat, àmì ẹ̀gbẹ́ ẹnu mi yìí ńkọ́?"

Kò tiẹ̀ gbójú sókè kúrò nínú àwo.

"Àṣìkẹ́, ìyẹn kì í ṣe ìdọ̀tí."

Mo wá ìjà ọdún mẹ́rìnlélógún títí, mi ò rí i mọ́. Mo bu ẹran kún oúnjẹ rẹ̀.